Ìwé orí fóònù, kí ló tún kan ìlà títò?

Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé àrùn kòrónà ti di àjàkálẹ̀ kárí ayé, ilé ìkàwé wà lára àwọn ibi tó tètè ti ilẹ̀kùn. Kò yani lẹ́nu. Àga ibẹ̀ sún mọ́ra, ọwọ́ tó ń ṣí ìwé kan ṣoṣo láàárín oṣù kan kò níye, tọmọdé tàgbà ló sì ń jókòó síbẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ 17 oṣù náà, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, ALA, ti gba àwọn ilé ìkàwé nímọ̀ràn pé kí wọ́n tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ibi ni pé ilé ìkàwé kò kógbá wọlé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣí lọ.

Àwọn èèyàn gbà á gbọ́. Wọ́n fi áàpù sórí fóònù, wọ́n tẹ nọ́ńbà káàdì wọn, wọ́n wá ìwé tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, èèpo iwájú rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èrò ti pọ̀ níwájú yín, ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ wò ó ná. Ìwé tí kò ní bébà, tí kò lè ya, tí ìka kan lè dà kọ nígbà ẹgbẹ̀rún kí ojú tó ṣẹ́, kí ni wọ́n ń tò sí ìlà fún? Ẹni tó bá rí ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti mọ ìdí tí ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì fi rí bó ṣe rí nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, àti ìdí tí ìjà rẹ̀ kò fi tíì parí títí di ìsinsìnyí.

Ọ̀dọ̀ ìwé bébà la ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilé ìkàwé bá ra ìwé kan lọ́jà, ó di tiẹ̀ nìyẹn. Ó lè fi yá ẹgbẹ̀rún èèyàn, ó lè tún ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ nígbà tó bá ya, ó sì lè lù ú ní gbàǹjo nígbà tó bá gbó. Ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1908 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ pé ẹni tó ta ìwé ti gba owó rẹ̀, kò gbọdọ̀ tún máa tẹ̀ lé ìwé náà kiri kó máa sọ iye tí ẹlòmíràn yóò tà á. Orí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yíyá ìwé dúró lé.

Ìwé orí ẹ̀rọ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìkàwé kì í rà á rárá. Àṣẹ láti lò ó ni wọ́n ń sanwó fún, bí ayálégbé ṣe ń sanwó yàrá, lánlọ́ọ̀dù ló sì ń ṣòfin ilé. Òfin kìíní ni pé àṣẹ kan, òǹkàwé kan. Bí ẹnì kan bá ti ń kà á lọ́wọ́, àwọn tó kù á dúró, bí ẹni pé ìwé kan ṣoṣo ló wà lórí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni ìlà ti wá. Ìdí tí àwọn atẹ̀wé fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ kò le láti lóye, èmi kò sì ní pè wọ́n ní ọ̀dájú nítorí rẹ̀: bí gbogbo ìlú bá lè yá ìwé tuntun lọ́fẹ̀ẹ́ láti orí ibùsùn lọ́jọ́ kan náà, ta ni yóò fowó rà á? Kí sì ni òǹkọ̀wé yóò jẹ?

Òfin kejì ni ti ọjọ́ tí àṣẹ náà ń kú. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé HarperCollins ló gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 2011 pé bí ilé ìkàwé bá ti yá ìwé kan jáde nígbà 26, àṣẹ ti parí, kí wọ́n tún owó mìíràn san. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn fi ọdún méjì ṣe òdiwọ̀n tiwọn. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ìwé tuntun tí ẹni kọ̀ọ̀kan lè rà sórí fóònù rẹ̀ ní nǹkan bíi dọ́là 15, ilé ìkàwé lè san tó dọ́là 60 fún un, kó sì di òfo lẹ́yìn ọdún méjì. Bí ẹ bá ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí ilé ìkàwé ìlú yín kò ra ẹyọ púpọ̀ sí i kí ìlà lè yá, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ìjà náà ti gbóná kí àrùn tó dé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Macmillan, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá mìíràn, pàṣẹ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ilé ìkàwé ìlú kọ̀ọ̀kan lè gbà nínú ìwé orí ẹ̀rọ tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó bá jáde. Ẹyọ kan fún ìlú tí kò ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ, ẹyọ kan náà fún ìlú tó ní mílíọ̀nù. Inú bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé débi pé àwọn kan yarí, wọ́n ní àwọn kò ní gba ìwé orí ẹ̀rọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà mọ́. Oṣù mẹ́rin àti àbọ̀ ni wọ́n fi ń fa á, kò sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì. Àfìgbà tí kòrónà dé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọjọ́ kan náà tí ALA sọ pé kí wọ́n tilẹ̀kùn, Macmillan ká òfin rẹ̀ nílẹ̀. Penguin Random House náà gbà kí ilé ìkàwé lè san ìdajì owó fún àṣẹ ọdún kan, dípò kí wọ́n san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ó yẹ ká kan sáárá sí wọn fún un. Àmọ́ bí ohun tó tọ́ sí èèyàn bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì ẹlòmíràn ló gbé e wá, lẹ́tà kan náà lè gbé e lọ.

Àwọn òǹkàwé kò mọ gbogbo èyí, ìwé ni wọ́n ń wá. OverDrive, ilé iṣẹ́ tó ni áàpù Libby, ka mílíọ̀nù 430 ìwé, ìwé àfetígbọ́ àti ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn yá lọ́dún 2020, èyí tó fi ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún 2019 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 120,000 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀ fún ilé ìkàwé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì tẹ́lẹ̀ ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ibi tó ń gbé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè ṣe lórí fóònù ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n sì ń sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe.

Inú dídùn yìí ní gbèsè lábẹ́. Àwọn áàpù kan wà, bíi hoopla, tí kò ní ìlà rárá: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun tí òǹkàwé kò rí ni pé gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì yẹn, owó kúrò lápò ilé ìkàwé. Bí ará ìlú bá jókòó sílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, owó ọdún kan lè tán kí ọdún tó dé ìdajì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ilé ìkàwé fi ń dín iye tí ẹnì kan lè yá lóṣù kù, àwọn èèyàn sì rò pé ahun ni wọ́n. Ní ti ìwé bébà, bí èrò bá ṣe ń yá a tó ni owó tí wọ́n fi rà á ṣe ń jèrè. Níbí, òǹkàwé tó fẹ́ràn ìwé jù lọ ló ń náni lówó jù. Alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dáyé.

Ìtàn kíkà fún àwọn ọmọdé náà bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Kí àrùn tó dé, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé á jókòó sórí àga kékeré, àwọn ọmọ á yí i ká, á ṣí ìwé alárànbarà, á kà á sókè, á fi àwòrán hàn wọ́n. Kò sí ẹni tó ń béèrè àṣẹ fún ìyẹn. Ó wá gbé fóònù síwájú ara rẹ̀, ó ka ìwé kan náà lórí Facebook tàbí YouTube, ó sì di pé ó ti ṣe ẹ̀dà ìwé oníwèé, ó ti gbé e sí gbangba. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ayàwòrán wà nínú ohùn kíkà yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tètè jáde láti fúnni láyè, J.K. Rowling tó kọ Harry Potter náà sì gba àwọn olùkọ́ láyè láti ka ìwé rẹ̀ sínú fídíò fún àwọn ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n àyè náà ní ọjọ́ tó máa parí, ó sì ní àwọn àdéhùn tó so mọ́ ọn: àwọn kan ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀wé sọ fún ilé iṣẹ́ náà bó bá ti kà á, àwọn mìíràn ní kí wọ́n pa fídíò náà rẹ́ bó bá yá tàbí kí wọ́n fi sí ibi tí kì í ṣe gbogbo ayé ló lè wọ̀. Òṣìṣẹ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń mú ọmọ ọdún mẹ́ta rẹ́rìn-ín wá di ẹni tó ń to orúkọ ilé iṣẹ́ atẹ̀wé àti ọjọ́ ìparun fídíò sínú àkọsílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni kíkà á ní tààrà lórí Zoom, láìfi fídíò pamọ́. Iye ìgbà tí àwọn èèyàn ń wọ ìpàdé Zoom lóòjọ́ fò láti mílíọ̀nù 10 ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 sí mílíọ̀nù 200 ní oṣù Kẹta ọdún 2020, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe sọ ọ́. Àwọn oníjàgídíjàgan náà bá wọn wọlé. Wọ́n á wá líǹkì ìpàdé tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà, wọ́n á já wọ àárín rẹ̀ pẹ̀lú èébú àti àwòrán ìríra. Ilé ìkàwé tí ìgbéraga rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún gbogbo ayé wá kọ́ bí a ṣe ń ti ẹnu ọ̀nà, bí a ṣe ń fi àwọn èèyàn sí yàrá ìdúró, bí a ṣe ń pa ohùn wọn mọ́ wọn lẹ́nu. Síbẹ̀ àwọn ètò kan dára lórí Zoom ju bí wọ́n ṣe dára nínú ilé lọ. Ẹgbẹ́ òǹkàwé àgbàlagbà jẹ́ ọ̀kan: ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹni tí kò fẹ́ wakọ̀ lálẹ́, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ló lè dé. Ti àwọn ọmọdé ni mo ṣiyèméjì lé. Ọmọ ọdún méjì fẹ́ di ojú ìwé mú, kó sì jẹ ẹ́ díẹ̀.

Ètò tó wú mi lórí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ kò lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ní Melbourne, ní Australia, ilé ìkàwé Yarra Plenty wo inú ìwé orúkọ rẹ̀, ó yọ nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ti lé ní 70 ọdún, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú àtijọ́, ṣé àlàáfíà lẹ wà, ṣé ẹ nílò ohunkóhun? Fún irú ìpè báyìí, kò sí àṣẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà, kò sì sí áàpù tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé sórí fóònù. Wọ́n ti ní orúkọ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ní ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn arúgbó náà.

Èyí mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti sílẹ̀kùn mọ́ síta pátápátá. Ìwé mílíọ̀nù kan lórí ẹ̀rọ kò wúlò fún ẹni tí kò ní détà. UNICEF àti ITU, àjọ àgbáyé fún ọmọdé àti ti ìbánisọ̀rọ̀, ṣírò rẹ̀ ní òpin ọdún 2020 pé bílíọ̀nù 1.3 ọmọ tó wà láàárín ọdún 3 sí 17 ni kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn láyé. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé tẹ́lẹ̀ láti wáṣẹ́, láti kún fọ́ọ̀mù ìjọba, láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọn kò ní òmíràn. Ìgbà tí ìjọba sì wá ní kí gbogbo ẹni tó pàdánù iṣẹ́ kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ilẹ̀kùn tì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ṣe ni pé wọ́n fi Wi-Fi wọn sílẹ̀ ní títàn. Àwọn èèyàn á wakọ̀ wá, wọ́n á dúró síta níbi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rù lákọ̀ọ́kọ́ pé ó lè lòdì sí òfin, torí owó ìrànwọ́ tí ìjọba fi ń bá wọn san íntánẹ́ẹ̀tì ní ìlànà tirẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni àjọ FCC tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ sọ pé kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, kí ará ìlú máa lò ó bí ilé tilẹ̀ wà ní títì. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ìwé kiri, wọ́n lọ gbé e kalẹ̀ sí àdúgbò tí kò ní. Àwòrán ọmọ iléèwé tó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri ilé ìkàwé tó ti kú pa, tí kọ̀ǹpútà wà lórí orúnkún rẹ̀, kò dùn ún wò. Síbẹ̀ ó wà lára ohun tó wúlò jù lọ tí ilé ìkàwé ṣe lọ́dún náà.

Ẹnì kan wà tó gbìyànjú láti já ìlà náà kúrò pátápátá. Internet Archive, àjọ aláìlérè ní San Francisco tó ti ń fi ẹ̀rọ ya ojú ìwé bébà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọdún pípẹ́, ní ìlànà kan tẹ́lẹ̀: bí wọ́n bá ní ìwé bébà kan lọ́wọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń yá ẹ̀dà orí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n mú òdiwọ̀n yẹn kúrò lórí ìwé tó tó mílíọ̀nù 1.4, wọ́n ní pàjáwìrì ni, àwọn ìwé tí gbogbo ayé ti fowó rà ló há mọ́ inú ilé tó wà ní títì. Àwọn òǹkọ̀wé kan pariwo pé olè ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, Hachette, HarperCollins, Penguin Random House àti Wiley pè wọ́n lẹ́jọ́. Internet Archive dá òdiwọ̀n náà padà láàárín oṣù náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò dúró, nítorí pé àwọn atẹ̀wé kò bínú sí ti pàjáwìrì nìkan. Ìlànà ti tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an, ẹ̀dà kan fún ìwé bébà kan, ni wọ́n fẹ́ kí ilé ẹjọ́ fòfin dè. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọdún mẹ́ta géérégé, ni adájọ́ John Koeltl dá àwọn atẹ̀wé láre. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Èrò tèmi ni pé àjọ náà fi ìwà akin gbé ẹjọ́ tí àwọn atẹ̀wé ì bá má dá sílẹ̀ wá sílé ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ilé ẹjọ́ ti kọ̀wé sí pé kò bófin mu.

Ní ti ìwé bébà fúnra rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ bà wá ju bó ṣe yẹ lọ. Ètò ìwádìí kan tí OCLC, ẹgbẹ́ tó ń so àwọn ilé ìkàwé pọ̀, IMLS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ilé ìkàwé, àti Battelle, ilé iṣẹ́ ìwádìí, jọ ṣe fi kòrónà sára ìwé, ó sì rí i ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 pé kò hàn mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lára ìwé tó dá dúró. Nígbà tí wọ́n to ìwé léra, ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwé tí ẹ bá dá padà á kọ́kọ́ lọ jókòó sí ìyàsọ́tọ̀ nínú àpótí bí àwa èèyàn. Nígbà tó yá, ó hàn pé afẹ́fẹ́ ni àrùn náà ń gbà jù lọ, wọ́n sì jáwọ́.

Ilẹ̀kùn ti ṣí padà tipẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí ni pé àṣẹ ọlọ́dún méjì tí ilé ìkàwé fi ìkánjú gbà lọ́dún 2020, ọdún 2022 ló kú. Àwọn òǹkàwé tí wọ́n kọ́ láti máa lo fóònù kò padà sẹ́yìn, nítorí náà owó ìwé kan náà ni wọ́n tún ń san. Ìpínlẹ̀ Maryland ṣòfin lọ́dún 2021 pé kí àwọn atẹ̀wé máa fún ilé ìkàwé ní ìwé orí ẹ̀rọ ní iye tó bójú mu. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá òfin náà dúró, ó ní ó tako òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti orílẹ̀-èdè. Ní New York, irú òfin bẹ́ẹ̀ kọjá nílé aṣòfin, gómìnà kò fọwọ́ sí i.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dín àjọ IMLS, tó ń pín owó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ilé ìkàwé, kù dé ibi tí òfin bá gbà. Kí oṣù náà tó parí, ìpínlẹ̀ Mississippi dá hoopla dúró. Kò sí ọkọ̀ tó wá kó ìwé, kò sì sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn kankan. Àwọn òǹkàwé ṣí fóònù wọn láàárọ̀, wọn kò bá ìwé níbẹ̀ mọ́.